Bí ẹ bá ń mú Màmá lọ sí Delos, ẹ gbàgbé òkè yẹn

Ẹ kú ìbéèrè o. Ẹ ní Màmá yín ń bọ̀ láti Ìbàdàn nínú oṣù kẹjọ, ẹ fẹ́ mú wọn láti London lọ sinmi fún ọjọ́ díẹ̀ ní Mykonos, lórílẹ̀-èdè Gíríìsì, ẹ sì gbọ́ pé ọkọ̀ ojú omi kan wà níbẹ̀ tó máa ń gbé èèyàn lọ wo ìlú àtijọ́ tó ti di àwókù ní erékùṣù Delos. Ohun mẹ́ta lẹ bi wá: ṣé wákàtí méjì tó, ṣé eékún Màmá á lè gbà á, ṣé òótọ́ sì ni ohun tí àbúrò yín sọ pé òkúta lásán ló wà níbẹ̀. Mo ti dé ibẹ̀ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Nígbà tí mo lọ kẹ́yìn, ìyá ọkọ mi wà pẹ̀lú wa, eékún tiwọn náà kì í ṣe eékún ọmọdé mọ́. Ó ṣojú mi kòró, kì í ṣe àgbọ́sọ.

Wákàtí méjì ò tó. Àmọ́ kì í ṣe iye wákàtí ló máa sọ bóyá Màmá máa gbádùn ẹ̀, ọ̀nà tí ẹ bá yà sí nígbà tí ẹ bá sọ̀kalẹ̀ nínú ọkọ̀ ni. Erékùṣù náà kò tóbi, gígùn rẹ̀ ò ju nǹkan bíi kìlómítà 5 lọ, fífẹ̀ rẹ̀ ò sì tó kìlómítà 2. Fún ẹni tó máa fẹsẹ̀ rìn ín, apá méjì ló pín sí: ọ̀kan tẹ́jú, èkejì ń gòkè. Ẹni tó bá fẹ́ mú àgbàlagbà rin apá méjèèjì tán kí ọkọ̀ ọ̀sán tó dé, ìjà ló ń wá. Ẹ mú èyí tó tẹ́jú, kẹ́ ẹ fi díẹ̀ lára èkejì kún un, kẹ́ ẹ sì fi orí òkè sílẹ̀ fún àwọn ọmọdé.

Kí n tó gbàgbé: físà Ìlú Ọba ò wọ Gíríìsì. Tó bá jẹ́ páásípọ́ọ̀tù Nàìjíríà ni Màmá ń lò, físà Schengen, èyí tó wọ Gíríìsì, ni wọ́n nílò, kí ẹ jẹ́ kí wọ́n ti gbà á láti ilé kí wọ́n tó wọ bàálù. Ìyẹn parí.

Ọ̀rọ̀ tó kàn ni afẹ́fẹ́, torí pé òun gan-an ni ọ̀gá níbẹ̀. Meltemi ni wọ́n ń pè é. Láti àríwá ló ti ń fẹ́ wá, oṣù keje àti oṣù kẹjọ tí ẹ fẹ́ lọ yìí ni agbára rẹ̀ máa ń pọ̀ jù. Kò ní òjò, kò ní ìkùukùu. Ojú ọ̀run á mọ́ kedere, oòrùn á máa ràn, èèyàn á rò pé ayé dára. Nígbà àkọ́kọ́ tí a fẹ́ lọ, a ti múra tán, a ti ra búrẹ́dì àti omi dání, ìgbà tí a dé èbúté la bá ìwé pélébé kan lára fèrèsé ibi tí wọ́n ti ń ta tíkẹ́ẹ̀tì: kò sí ọkọ̀ lónìí. Àwọn aláṣẹ èbúté ló máa ń pinnu ẹ̀. Tí afẹ́fẹ́ bá ti kọjá ìwọ̀n, wọn ò ní jẹ́ kí àwọn ọkọ̀ kékeré jáde, bó ti wù kí ẹ bẹ̀bẹ̀ tó. Nígbà tó di ọjọ́ kejì, ìwé yẹn ṣì wà níbẹ̀. Tọkọtaya kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa tí wọ́n fi Delos sí ọjọ́ tó kẹ́yìn kí wọ́n tó wọ bàálù. Wọ́n gba owó wọn padà, wọ́n lọ jókòó sí ilé ọtí, wọ́n ń wo erékùṣù náà lókèèrè.

Nítorí náà, ọjọ́ tí ẹ bá kọ́kọ́ jí ní Mykonos ni kẹ́ ẹ fi Delos sí. Bí afẹ́fẹ́ bá dí i lọ́wọ́, ọjọ́ mìíràn ṣì wà níwájú yín. Ọkọ̀ àkọ́kọ́ láàárọ̀ ni kẹ́ ẹ sì wọ̀, èyí tó máa ń kúrò ní nǹkan bí aago mẹ́sàn-án tàbí mẹ́wàá nígbà ooru. Ẹ lọ wo àkókò rẹ̀ lọ́jọ́ tó ṣáájú, wọ́n máa ń yí i padà. Bí oòrùn bá ṣe ń ga ni meltemi náà ń jí, ìyẹn ni pé òkun sábà máa ń rọ̀ láàárọ̀ ju ọ̀sán lọ. Oòrùn ọ̀sán ní Delos fúnra rẹ̀ kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré. Igi tí èèyàn lè sá sábẹ́ rẹ̀ ò tó nǹkan.

Ẹ má lọ sí Tourlos o. Ibẹ̀ ni àwọn ọkọ̀ òkun ràgàjì ti ń gúnlẹ̀. Ti Delos, èbúté àtijọ́ tó wà nínú ìlú ni, nítòsí ṣọ́ọ̀ṣì kékeré kan tí òrùlé rẹ̀ jẹ́ aláwọ̀ búlúù. Tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ lọ́tọ̀, owó ìwọlé sí Delos lọ́tọ̀. Ẹ má jẹ́ kó yà yín lẹ́nu nígbà tí wọ́n bá tún ní kẹ́ ẹ sanwó lẹ́nu géètì. Àwọn kan máa ń wọ ọkọ̀ láti erékùṣù Naxos tàbí Paros fún Delos àti Mykonos pa pọ̀ lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Fún ọ̀dọ́, ó dáa. Fún Màmá, rárá: orí omi pẹ́ jù, àkókò tí wọ́n sì máa ń fún èèyàn lórí ilẹ̀ Delos kì í tó nǹkan.

Láti Mykonos, nǹkan bí ìṣẹ́jú 30 ni. Ìyá ọkọ mi ní òkè níwájú làwọn máa jókòó sí, wọ́n fẹ́ rí omi dáadáa. A ò tíì jáde tán lẹ́nu èbúté tí ìgbì àkọ́kọ́ fi gbé imú ọkọ̀ sókè, tó sì jù ú sílẹ̀ gbì. Omi fọ́n sí wọn lójú. Wọ́n fi ọwọ́ kan di gèlè mú, wọ́n fi èkejì di apá mi mú, wọ́n dá orin ṣọ́ọ̀ṣì sílẹ̀. Kó tó di pé a gúnlẹ̀, àwọn òyìnbó tó yí wa ká ti ń pàtẹ́wọ́ sí i, wọ́n rò pé eré la wá ṣe. Ìsàlẹ̀, lẹ́yìn, ní àárín ọkọ̀, ibẹ̀ ni kí Màmá jókòó sí. Kí wọ́n jẹun díẹ̀ kí ẹ tó lọ, kì í ṣe àjẹyó, kì í sì í ṣe òfìfo. Kí wọ́n dé akẹtẹ̀ tó ní okùn lábẹ́ àgbọ̀n. Agboòrùn ò wúlò, afẹ́fẹ́ á kàn yí i sódì ni. Bàtà tó bo ẹsẹ̀, tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ ń gbá ilẹ̀ mú, torí pé àwọn òkúta mábù ibẹ̀ ti dán lábẹ́ ẹsẹ̀ èèyàn. Omi tó pọ̀, ju bí ẹ ṣe rò lọ. Ẹ má gbọ́kàn lé pé ẹ máa rí nǹkan rà níbẹ̀. Ilé ìgbọ̀nsẹ̀, ẹ̀bá mùsíọ́mù ló wà, kí Màmá mọ̀ ọ́n ṣáájú.

Nígbà tí ẹ bá sọ̀kalẹ̀, ẹ dúró ná. Àwọn èrò á máa sáré tẹ̀lé amọ̀nà tó gbé àsíá sókè. Ẹ jẹ́ kí wọ́n lọ. Ọwọ́ òsì yín ni apá tó tẹ́jú wà: tẹ́ńpìlì Apollo tó jẹ́ òrìṣà àwọn Gíríìkì àtijọ́, adágún mímọ́, àwọn kìnnìún òkúta, mùsíọ́mù. Ọwọ́ ọ̀tún ni àdúgbò táwọn olówó ìgbà yẹn kọ́lé sí, ó ń gòkè díẹ̀díẹ̀ lọ sí tíátà, ó sì ń bá a lọ dé orí òkè Kynthos. Òkè yẹn ni mo ní kẹ́ ẹ gbàgbé. Mítà 112 péré ni wọ́n kọ sínú ìwé, ẹ lè rò pé kò tó nǹkan. Àtẹ̀gùn òkúta ni, òmíràn ti yẹ̀, òmíràn ga ju bó ṣe yẹ lọ, kò sí nǹkan téèyàn lè dì mú, afẹ́fẹ́ orí rẹ̀ kò sì mọ àgbà yàtọ̀ sí ọmọdé. Mo ti gùn ún nígbà tí mo lọ pẹ̀lú àwọn ọ̀rẹ́ mi. Gbogbo erékùṣù tó yí Delos ká lèèyàn máa ń rí níbẹ̀, ó dára lóòótọ́. Màmá lè wò ó nínú fọ́nrán.

Àwa ya ọ̀tún lákọ̀ọ́kọ́, kí oòrùn tó mú, ṣùgbọ́n a ò kọjá ilé tí wọ́n ń pè ní ilé Dionysus. Ọ̀nà tóóró ni, òkúta pẹlẹbẹ ni wọ́n tẹ́ sí i, ìlẹ̀kùn ilé ní ọ̀tún àti ní òsì, ògiri ṣọ́ọ̀bù, ibi tí àtẹ̀gùn àjà kejì ti bẹ̀rẹ̀ tó sì dópin sínú afẹ́fẹ́. Ẹ máa bá ilé Cleopatra pàdé. Kì í ṣe ọbabìnrin Íjíbítì o, ìyàwó ará Athens kan ni. Ọkọ rẹ̀, Dioscourides, fi ohun èlò fàdákà méjì ta Apollo lọ́rẹ, ìyàwó wá ní kí wọ́n gbẹ́ ère ọkọ rẹ̀ àti ti ara rẹ̀ sílé káráyé lè mọ̀. Orí àwọn ère náà ti gé. Ìyá ọkọ mi dúró síwájú ère obìnrin yẹn títí. Ẹ wò ó dáadáa tí ẹ bá dé ibẹ̀: ó fi aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan bora, ẹni tó gbẹ́ ère náà sì ṣe é débi pé lára òkúta, ẹ máa rí ìṣẹ́po aṣọ abẹ́ láti inú aṣọ òkè. Wọ́n ní, "Aṣọ olówó iyebíye nìyí. Ó fẹ́ kí wọ́n rí i ni." Wọn ò sì parọ́.

Nínú àwọn ilé wọ̀nyí, ilẹ̀ àgbàlá ni olówó fi ń ṣe fọ́ńté. Òkúta wẹ́wẹ́ aláràbarà ni wọ́n tò pọ̀ tó fi di àwòrán. Nínú ilé kan tó wà lókè díẹ̀, lẹ́yìn tíátà, ẹja lámùsóò ló wà lórí ilẹ̀, ẹni tó ṣe iṣẹ́ náà sì kọ orúkọ ara rẹ̀ sí i: Asklepiades ará Arados. Arados jìnnà síbẹ̀, etíkun Síríà ló wà. Àmọ́ ohun tó mú ìyá ọkọ mi jókòó kì í ṣe àwòrán, omi ni. Erékùṣù yìí ò ní odò kan gbòógì. Nítorí náà gbogbo ilé ńlá ló ní kòtò omi lábẹ́ àgbàlá. Omi òjò á ṣàn láti orí òrùlé wá sí àgbàlá, á sì wọ abẹ́ ilẹ̀ lọ. Ó kù díẹ̀ kí wọ́n bú sẹ́rìn-ín: ṣebí gáláńù tí a máa ń gbé sábẹ́ páànù nígbà òjò náà nìyí! Tíátà pẹ̀lú, tó lè gba nǹkan bí èèyàn 5,500, ó ní kòtò omi ràgàjì tirẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́, tí wọ́n to òkúta tó tẹ̀ bí ọrun lé lórí. Orí ìjókòó ni òjò ti ń rọ̀, inú kòtò ló ń ṣàn sí. Nínú ilé Dionysus tí a dé, alángbá olórí ńlá kan wà lórí ògiri, ó ń mirí. Ìyá ọkọ mi ní, "Ìwọ náà ti dé ibí?"

Ibẹ̀ la ti padà sísàlẹ̀. Tí Màmá bá ṣì lágbára, ẹ lè dé tíátà. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹ fi wọ́n jókòó sí ibi òjìji ògiri, kí ẹnì kan dúró tì wọ́n.

Nígbà tí ẹ bá ń sọ̀kalẹ̀ padà sí ẹ̀bá omi, ọjà kan wà níbẹ̀, ní iwájú ibi tí ọkọ̀ ń já èèyàn sí, tí àwọn amọ̀nà máa ń kọjá láàárín ìṣẹ́jú kan. Ẹ má kánjú níbẹ̀. Ní 167 tàbí 166 ṣáájú Kristi, àwọn ará Róòmù sọ Delos di èbúté tí kò sí owó ibodè, gbogbo oníṣòwò ayé ìgbà náà sì rọ́ wá. Òwò tó gbilẹ̀ jù níbẹ̀ ni òwò ẹrú. Strabo, tó kọ̀wé nípa àwọn ilẹ̀ ayé lẹ́yìn náà, sọ pé Delos lè gba ẹrú 10,000 wọlé, kí ó sì tà wọ́n jáde lójúmọ́ kan ṣoṣo. Púpọ̀ nínú wọn, láti Síríà àti Éṣíà Kékeré ni wọ́n ti kó wọn. Àwọn tó sì ń bọ òrìṣà wọn lọ́jà tí mo ń wí yìí, ẹrú àti ẹni tó ti gba òmìnira lọ́wọ́ olówó rẹ̀ ni wọ́n. Ilé olówó tí ẹ ti wò tán lókè, pẹ̀lú ilẹ̀ aláràbarà rẹ̀, owó yìí ló kọ́ ọ. Nígbà tí mo lọ lákọ̀ọ́kọ́, amọ̀nà wa sọ̀rọ̀ òrìṣà láti àárọ̀ dé ọ̀sán, kò dárúkọ ẹrú rárá. Ó ṣì ń dùn mí. Òwò náà ò pẹ́ títí. Ní 88 ṣáájú Kristi, ọmọ ogun Mithridates, ọba Pontus, ya wọ ibẹ̀, wọ́n pa èèyàn lọ bíi rẹ́rẹ. Ní 69, àwọn jàgùdà orí òkun tún dé. Díẹ̀díẹ̀ ni ìlú náà tú.

Ọwọ́ òsì wá kàn. Ilẹ̀ tẹ́jú, ẹ lè rọra máa lọ. Ibi tí adágún mímọ́ wà tẹ́lẹ̀ ti gbẹ báyìí. Wọ́n fa omi rẹ̀ ní 1925 nítorí ẹ̀fọn àti ibà, wọ́n wá gbin ọ̀pẹ kan sí àárín. Ìtàn ọ̀pẹ náà lẹ máa sọ fún Màmá. Obìnrin kan tó ń jẹ́ Leto lóyún fún Zeus, olórí àwọn òrìṣà Gíríìkì, Hera tó jẹ́ ìyàwó ilé bínú, ó sì kìlọ̀ fún gbogbo ilẹ̀ pé kí wọ́n má gbà á láti bímọ. Delos nìkan ló gbà á, torí pé nígbà náà kò tíì fìdí múlẹ̀, orí omi ló ń léfòó kiri. Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni ìyá náà fi rọbí, ó sì di ọ̀pẹ mú. Ìbejì ló bí. Ìyá ọkọ mi, tí àwọn fúnra wọn bí ìbejì (ọkọ mi ni Kẹ́hìndé), dá mi dúró níbẹ̀: èwo ló kọ́kọ́ jáde? Mo ní Artemis ni, obìnrin, àti pé bí ó ṣe dáyé tán ló yíjú padà, tó gbẹ̀bí àbúrò rẹ̀ Apollo. Wọ́n wò mí bí ẹni tí kò mọ nǹkan kan. "Àbúrò kẹ̀? Apollo ló rán an jáde kó lọ tọ́ ayé wò." Láti ọjọ́ náà ni mo ti gbà bẹ́ẹ̀.

Àwọn kìnnìún wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ adágún yẹn, wọ́n ya ẹnu, wọ́n kọjú sí i. Àwọn ará Naxos ló gbé wọn wá fún Apollo ní ìparí ọ̀rúndún keje ṣáájú Kristi. Àwòṣe ló wà níta báyìí. Inú mùsíọ́mù ni wọ́n kó àwọn gidi sí nítorí afẹ́fẹ́ àti iyọ̀ òkun. Ọ̀kan ti rìnrìn àjò dé Venice, iwájú ibi tí wọ́n ti ń kan ọkọ̀ ogun nígbà kan ló wà, orí tó sì wà lọ́rùn rẹ̀ kì í ṣe orí rẹ̀. Kí ẹ tó ṣètò, ẹ béèrè bóyá mùsíọ́mù ṣí, torí àtúnṣe máa ń jẹ́ kí wọ́n tì í. Nítòsí ibẹ̀ náà ni ẹ máa rí àyà àti ìdí ère Apollo kan tó ga tó ilé, ó ti fọ́ sílẹ̀, ó wà nínú koríko gbígbẹ.

Ẹ tún wo erékùṣù kejì tó wà lódìkejì omi nígbà tí ẹ bá ń dúró de ọkọ̀. Rheneia ni. Ní 426 ṣáájú Kristi, àwọn ará Athens hú gbogbo sàréè Delos, wọ́n kó egungun wọn lọ síbẹ̀, wọ́n sì fi í ṣe èèwọ̀: ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ kú ní Delos mọ́, ẹnikẹ́ni ò sì gbọdọ̀ bímọ níbẹ̀. Aboyún tí ọjọ́ rẹ̀ pé, wọ́n á gbé e sọdá. Ẹni tó ń pọ̀kàkà ikú, wọ́n á gbé e sọdá. Ilẹ̀ tó jẹ́ pé ìbímọ ló sọ ọ́ di mímọ́ o! Màmá máa ní ọ̀rọ̀ lórí ìyẹn, ẹ fún wọn láyè kí wọ́n sọ ọ́.

Ṣé òkúta lásán ni? Fún ẹni tí kò mọ ìtàn rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni, àbúrò yín ò parọ́. Tẹ̀ ẹ́ bá wá mú Màmá tẹ̀lé amọ̀nà tó ń fi Gẹ̀ẹ́sì sáré láàárín ogójì èèyàn, òkúta náà ni wọ́n máa rí. Ẹ fi owó amọ̀nà yẹn ra oúnjẹ alẹ́. Lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, ẹ jókòó tì wọ́n lórí bẹ́ẹ̀dì, kẹ́ ẹ pa ìtàn náà fún wọn ní Yorùbá, ti ìbejì, ti èèwọ̀, ti ọjà ẹrú, ti Cleopatra àti aṣọ rẹ̀. Nígbà tí ẹ bá dé ibẹ̀, àwọn gan-an ló máa máa nawọ́ sí nǹkan hàn yín. Tí ẹ̀yin bá fẹ́ àlàyé tó jinlẹ̀ sí i nípa tẹ́ńpìlì, ẹ ra ìwé kékeré kan ní Mykonos. Àwọn ará Faransé ló ti ń hú ibẹ̀ láti nǹkan bí 1873, iṣẹ́ wọn sì wà nínú ọ̀pọ̀ ìwé.

Wákàtí mẹ́ta sí mẹ́rin ni kẹ́ ẹ fún un, kẹ́ ẹ sì mọ àkókò ọkọ̀ tó kẹ́yìn padà, torí pé wọn ò gbà kí àlejò sun ibẹ̀. Nígbà kan, ọjọ́ Ajé ni wọ́n máa ń ti ibẹ̀ pa, ẹ béèrè bóyá wọ́n ṣì ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ kọ ọjọ́ tí bàálù yín máa dé síbí, ká jọ wo èyí tó bọ́ sí i jù.